Bọ̀dá Albert, Ta Ló Rán Yín Lọ sí Géètì?

Ta ló rán yín? Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo gbé wá nìyẹn, Bọ̀dá Albert, láti Gwagwarwa ni mo ti ń gbé e bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo ń gbé e bọ̀ bí ẹni gbé ẹyin, pé bí mo bá ti dé France Road tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi nílé, n kò ní pariwo, n kò ní sunkún, n óò kàn bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Ìyá Tolú, ẹ ṣeun, ẹ má wulẹ̀ bu ìrẹsì fún mi. Kì í ṣe pé mo ń bá yín jà. Oúnjẹ ni kò wù mí láti Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí. Mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ. Inú fóònù ni mo ti wá rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Ẹ ní ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò mọ̀, ohun tí mo sì ń sọ nìyẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ò bi mí, ẹ gbé agbádá wọ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Kẹ́tù àlùwàlá là ń ṣe ní kọ́ńpìnnì wa. Kẹ́tù oníke. Ọdún kẹrìndínlógún rè é tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí aago mẹ́rin bá lù, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jáde níbẹ̀. Àwọn òyìnbó, ìyẹn ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn mẹ́fà yòókù, ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ni tiwọn, wọ́n á juwọ́ sí Japhet máígádì, wọ́n á wọkọ̀. Àwa dúdú, àpótí kan wà lẹ́bàá géètì tí wọ́n fi páànù kàn, inú rẹ̀ la ń gbà lọ́kọ̀ọ̀kan. A óò tú gèlè, a óò bọ́ bàtà, a óò nawọ́ sókè, Japhet á fi ọ̀pá tó máa ń ké bó bá kan irin yẹ ara wa wò láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo dúdú ni o. Matthew tó jẹ́ ẹnjiníà, tó jẹ́ pé bí kò bá wá síṣẹ́ kò sí ẹ̀rọ tí yóò yí, tó ń so táì nínú ooru Kano yìí, ọdún mọ́kànlá ló ti ń bọ́ bàtà nínú àpótí yẹn. Àna ọ̀gá wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ìlú wọn, kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀ ju kó máa ya fọ́tò wa lọ, ilẹ̀kùn kékeré lòun ń gbà. Mo bi ọ̀gá pé kí ló fà á. Ó ní òfin ààbò ni. Mo ní ààbò lọ́wọ́ ta ni? Ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Kẹ́tù ni, Bọ̀dá mi. Ibo lobìnrin fẹ́ fi kẹ́tù pamọ́ sí nínú gèlè?

A sì ń gbà á bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi nawọ́ sókè. Ohun tó bá ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Àfi ìgbà tó kan Màmá Zipporah.

Ẹ mọ̀ wọ́n, ìyá àgbà tó máa ń jókòó nítòsí àgbá omi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n máa ń pín omi àdúrà. Àwọn ló ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀rọ. Ọjọ́ Ajé kan báyìí, ọ̀pá Japhet ké ní ìbàdí wọn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn ni, okùn ìdí ni wọ́n so ó mọ́. Wọ́n ṣàlàyé, Japhet gbà. Ìyàwó ọ̀gá wà lókè lójú fèrèsé, ó ní Japhet kò gbọdọ̀ gbà, kí màmá bọ́ ìró kí òun rí i. Ọkùnrin mẹ́rìnlá ló wà lórí ìlà, mo kà wọ́n, torí n kò mọ ibòmíràn tí n bá kọjú sí. Màmá Zipporah tú ìró, wọ́n ká a, wọ́n rọra gbé e lé orí tábìlì bí ìgbà tí wọ́n ń ká aṣọ pẹpẹ, wọ́n dúró pẹ̀lú yẹ̀rì, wọ́n ń wo ògiri. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbé e sókè. Ìyàwó ọ̀gá ní ó ti tó. Ó ti fèrèsé rẹ̀.

Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé méjì. Ká ní ìyá wa ni ńkọ́?

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó kàn mí, n kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ pé ẹgbẹ́ kan wà. Mo kàn sọ fún Japhet pé bí àwọn òyìnbó bá ti gba inú àpótí yìí kọjá, èmi náà á gbà á, mo máa dúró dè wọ́n. Mo yà kúrò lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ wọn lè ráyè kọjá, mo jókòó lórí sìmẹ́ńtì. Làdídì ló wà lẹ́yìn mi, ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ àdúgbò wa, a jọ wà lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án, òun ló bá mi wẹ ọmọ mi nígbà tí mo wà ní ọsibítù. Ó wò mí, ó fi Hausa bi mí pé, “Salome, kí là ń ṣe?” Mo ní a jókòó. Ó ní, “Tò,” ìyẹn ni pé ó dáa. Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó jókòó. Kí aago márùn-ún tó lù, a ti di mọ́kànlélógójì nílẹ̀, Màmá Zipporah sì wà láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná. Ìjà wo la dá sílẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo ṣòfin rẹ̀, pé ẹni tó bá bú èèyàn, kó dìde kó gba àpótí lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó bá ju nǹkan, kódà kó jẹ́ èèpo ẹ̀pà, kò sí lára wa. A ò pa iṣẹ́ jẹ, kẹ́tù tá a ṣe lọ́sẹ̀ yẹn ju ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lọ, ẹ bi Matthew. A ò dínà. A ò kọrin. Làdídì fẹ́ kọrin, a ní kó ṣe sùúrù.

Ẹ sì mọ ìdí rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Èmi pẹ̀lú yín la jọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù Bàbá wa nínú rògbòdìyàn, èmi àbúrò ni mo fọwọ́ di yín lẹ́nu, torí ẹ̀yin lẹ̀ ń ké. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé n kò gbàgbé. Òkò tí wọ́n bá sọ nílùú yìí kì í mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí, ó lè ti ọwọ́ ẹni tó ń bínú sí òyìnbó kúrò kó lọ bá ẹni tó ń ta búrẹ́dì jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní òpópónà kejì. Ìdí tá a fi jókòó nìyẹn. Ẹni tó jókòó, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pè é ní jàǹdùkú.

Òfin tiwọn ló kó wàhálà bá wọn. Òfin kan ní a ò gbọdọ̀ jáde láìgba àpótí. Òfin kejì ní dúdú kankan kò gbọdọ̀ wà nínú ọgbà bí aago mẹ́fà bá ti lù, àfi máígádì. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, Japhet dúró, ó ronú títí, ó wá ṣí géètì ńlá, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. A jáde. A kí i pé ó dàárọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní wọ́n fẹ́ fọ sìmẹ́ńtì. Wọn kì í fọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mú rọ́bà omi ń bẹ̀ wá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀.” A gbé ẹsẹ̀. Omi náà tù wá lára, torí oòrùn ọjọ́ yẹn mú.

Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá bọ́ sílẹ̀, ó mú bírò, ó ní kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀gá ní wọ́n jókòó. Ó ní kí ni wọ́n bà jẹ́? Ọ̀gá ní wọn ò ba nǹkan jẹ́. Ó ní ta ni wọ́n lù? Ọ̀gá ní wọ́n jókòó ni. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó wo ohun tó kọ, ó ní kí wọ́n pe òun bí a bá dìde.

Bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì nìyẹn tí wọ́n fún èmi àti Làdídì ní lẹ́tà, pé ká lọ dúró sílé títí wọn yóò fi pè wá. A gba lẹ́tà, a dúpẹ́, a sọdá títì, a jókòó sábẹ́ igi dọngoyárò tó kọjú sí géètì. Wọn ò lè lé wa níbẹ̀. Ìjọba ló ni igi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wà nínú jókòó, àwa tá a wà níta jókòó. Wọ́n ti rẹ̀ wẹ̀sì, Bọ̀dá mi, ọkàn wa sọ fún wa. Matthew ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nítòsí àpótí kó tó wọ inú rẹ̀, á dúró díẹ̀, á wò wá, á tó wọlé.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn ní Ọjọ́bọ̀ tí ẹ wọ agbádá.

Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Mo ti wò ó nígbà mọ́kànlá. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tí àwa ń jókòó sí, fìlà yín yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún, ẹgbẹ́ Desmond àkọ́bí yín ni. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀bálẹ̀. Ó rò pé ẹ ṣubú ni. Ẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ tó ń bi Japhet pé ṣé ara bàbá yìí ò yá ni, ó ní kí wọ́n sáré gbé omi wá. Wọ́n gbé omi wá. Ẹ mu ún. Ẹ tún dúpẹ́.

Ẹ wá ní, “Oga, abeg, na my junior sister, na devil push am, she don beg.”

Ta ló ti ẹnikẹ́ni? Kò sẹ́ni tó tì mí. Ẹni tí wọ́n bá tì kì í jókòó, ńṣe ló máa ń ṣubú. Àti pé ìgbà wo ni mo bẹ̀bẹ̀? Níwájú ta ni?

Aago kan ọ̀sán kò tíì lù tí ọ̀gá ti fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù gbogbo òṣìṣẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Salome ti tọrọ àforíjì, pé láti ọjọ́ Ajé, inú ọ́fíìsì ni Salome yóò ti máa ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn kékeré ni yóò sì máa gbà jáde.

Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Ilẹ̀kùn kékeré. Èmi nìkan nínú gbogbo dúdú.

Nígbà tó di aago mẹ́rin mo dé abẹ́ igi, Làdídì ti wà níbẹ̀. Kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ bú mi. Ó ní, “Salome, ìwọ lo rán an?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni àbí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́?” Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, “Tò, Ọlọ́run á ṣe é ní rere.” Ó dìde, ó gbọn ìdí híjáàbù rẹ̀, ó lọ jókòó sí apá ibi tí oòrùn wà. Ó fi gbogbo òjìji igi yẹn sílẹ̀ fún mi.

Nínú ọgbà, mọ́kànlá nínú wọn dìde, wọ́n gba àpótí lọ sílé. Wọ́n ní bí ẹni tó kọ́kọ́ jókòó bá ti bẹ̀bẹ̀, kí làwọn tún ń dúró dè? N kò lè bá wọn wí. Èmi náà ì bá dìde.

Mo mọ̀ pé nítorí mi lẹ ṣe é. Mo mọ̀. Ẹ̀rù bà yín. Ẹ ní àlejò ni wá níbí, kí àlejò máa rọra. Àlejò láti ọdún wo? Bàbá àgbà wa ló kọ́ ilé tá a jókòó sí yìí. Sàréè Bàbá wa wà nílùú yìí. Tolú tó kí mi wọlé nísinsìnyí, Yorùbá ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, Hausa ló fi dá mi lóhùn, òun náà àlejò ni? Ọ̀gá yẹn, ọdún kẹrin rè é tó dé, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àlejò ni, kó máa rọra.

Ẹ jókòó, Bọ̀dá mi, ó kù díẹ̀. Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn mí jù.

Ní ọjọ́ Ẹtì n kò lè lọ sábẹ́ igi. Ojú tì mí. Àná ni Màmá Zipporah wá bá mi nílé, wọ́n wá ròyìn fún mi. Mo gbé àga fún wọn, wọ́n ní ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n, orí ìdúró ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹun nínú abọ́ mi láti ọdún mẹ́wàá.

Wọ́n ní nígbà tí aago mẹ́rin lù, obìnrin méjìdínlọ́gbọ̀n ló ṣẹ́kù tó jókòó. Matthew jáde, ó dé iwájú àpótí, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó wá yọ áńkáṣíìfù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Zipporah, ó jókòó tòun ti táì. Àwọn tó wà ní sítọ́ọ̀ rí i, wọ́n jókòó. Àwọn mọ́kànlá tó dìde ní Ọjọ́bọ̀ padà wá jókòó. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń gbé àwọn òyìnbó kó kọ́kọ́rọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, wọ́n jókòó. Ọ̀gá wo kọ́kọ́rọ́. Kò wa ọkọ̀ nílùú yìí rí, ẹ̀rù àwọn kẹ̀kẹ́ Kano ń bà á.

Ó tó wákàtí kan. Ọ̀gá bá rìn wá síbi àpótí. Ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu níbi àtàǹpàkò. Japhet fi ọ̀pá yẹ ara rẹ̀ wò, ọ̀pá ké níbi bẹ́líìtì, ọ̀gá bọ́ bẹ́líìtì, ó fọwọ́ di ṣòkòtò mú. Màmá ní kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò tilẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ó kan ìyàwó rẹ̀. Ọ̀pá ké níbi ìbàdí. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tó ní ìkọ́ irin ló wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Obìnrin náà wo gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀, ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá Zipporah bá dìde. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n lọ síwájú rẹ̀, wọ́n nà án yíká bí kọ́tìnnì, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin kọjú sí ògiri. Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ní obìnrin náà sọ nǹkan kan fún àwọn lẹ́yìn ìborùn yẹn. Mo bi màmá pé kí ló sọ. Wọ́n ní ohun tó sọ, àwọn ló sọ ọ́ fún, kì í ṣe èmi.

Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn wá dìde, tí wọ́n gba àpótí kọjá, dúdú àti funfun lórí ìlà kan. Ilẹ̀kùn kékeré, wọ́n ti tì í pa. Wọ́n ní obìnrin ni yóò máa yẹ obìnrin wò, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n ti pe Làdídì padà.

Ẹ wá wò ó, Bọ̀dá mi. Ní àsìkò tí ọ̀gá ń bọ́ bàtà, ẹ̀wà ni mo ń ṣà nílé. Ẹ̀wà funfun lásán. Mo ṣà á mọ́ tónítóní.

Mo bi Màmá Zipporah kí wọ́n tó lọ, mo ní màmá, ṣé ẹ gbà gbọ́ pé n kò rán an? Wọ́n ní àwọn gbà gbọ́. Wọ́n ní ṣùgbọ́n àwọn yòókù, fídíò ni wọ́n rí.

Nítorí náà, lọ́la ọjọ́ Ajé, n kò lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ẹnu ẹ̀rọ mi ni mò ń lọ. Ẹ̀yin náà ń bọ̀. Kì í ṣe òwúrọ̀, aago mẹ́rin, nígbà tí gbogbo wọn bá tò síwájú àpótí. Rárá, kì í ṣe lórí fóònù. Rárá, ẹ ò gbọdọ̀ rán pásítọ̀. Ẹ ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kankan, torí Ọlọ́run, ẹ má dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ẹ óò dúró níbi tí àwọn obìnrin yẹn ti lè rí ojú yín, ẹ óò sọ ọ́ ní Hausa, torí Làdídì kò gbọ́ Yorùbá, pé, “Kì í ṣe òun ló rán mi wá.” *Ba ita ta aiko ni ba.* Kò ju ìyẹn lọ. Ojú á tì yín díẹ̀. Kì í pa èèyàn, mo ti gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.

Rárá, ohùn yẹn kéré, ariwo ọkọ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún un sọ.